Ta Ló Ń Bẹ̀rù Ta? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Télọ̀ Kan Tí Ìyàwó Rẹ̀ Ń Lù

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ àdúgbò rẹ̀, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá òun tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀. Télọ̀ ni màá máa pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà tí fáìlì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní Wẹ́fíà, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọdé. Ìyàwó rẹ̀ fi ọdún díẹ̀ kéré sí i, èlùbọ́ àti ẹ̀wà ló ń tà, ọjà rẹ̀ sì ń yá. Ìdána ni wọ́n ṣe, pásítọ̀ súre fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò dé rẹ́jísírì. Obìnrin ni àkọ́bí wọn, ọkùnrin ni èkejì.

Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí: òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ọlọ́pàá, pásítọ̀ àti ààfáà tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya wá bá. Kí ọkùnrin yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni. Mi ò rò pé ẹni ibi wà nínú wọn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe: wọ́n rí i pé ọkùnrin ni, wọ́n sì parí ẹjọ́ síbẹ̀.

Nígbà tí mo bi í léèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àsìkò Kòrónà ló kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Abuja wà ní títì pa. Nígbà tí wọ́n sì tún tú ìlú sílẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọn ò tíì gbà kí èrò pé jọ ṣe òde. Aṣọ ẹbí ló ń bọ́ télọ̀ l'Ékòó. Bí kò bá sí ìgbéyàwó, tí kò sí òkú àgbà, tí ilé ìwé náà tì tí ẹnikẹ́ni kò rán yunifọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ ìránṣọ á kàn dúró ni. Gbogbo owó tó fi pamọ́ ló jẹ tán.

Ó rọrùn láti fa ìlà sídìí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ká ní àìlówó lọ́wọ́ ọkọ ló sọ ìyàwó di oníjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó fara balẹ̀ ro ó dáadáa, ó rántí ìgbátí kan tó jẹ nígbà tí oyún àkọ́bí wà nínú, nígbà tí owó tó ń wọlé fún un ṣì ju ti ìyàwó lọ. Ó rántí fóònù rẹ̀ tí wọ́n là mọ́ ògiri. Ó rántí ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n dà sí i lẹ́sẹ̀. Àìlówó kọ́ ló bí ìwà yẹn. Ohun tí àìlówó ṣe ni pé ó dí ọ̀nà tí ọkùnrin náà ì bá gbà sá.

Ìyàwó ló san owó ilé lásìkò náà, òun náà ló san owó ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ni ìyàwó gbé ró nígbà yẹn tí ọkọ sì ń dúpẹ́. Nínú ilé tiwọn, nọ́ńbà àkáǹtì ìyàwó ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni oníbàárà ń san owó sí. Bí Télọ̀ bá fẹ́ ra òwú tàbí bọ́tìnnì, ó gbọ́dọ̀ tọrọ owó. Bó bá pẹ́ níta, wọ́n á ní obìnrin ló lọ rí. Bó bá ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun, ìjà dé nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń wá jókòó tì í lẹ́nu iṣẹ́ kò yọjú mọ́, nítorí èébú tí wọ́n ti jẹ níbẹ̀. Ohun iṣẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń lù ú: ọ̀pá ìwọnṣọ, àlùmọ́gàjí, áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ẹni tó ń rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí apá rẹ̀.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó ní kó gbààwẹ̀, ó sì rán an létí pé ọkọ ni orí aya, pé bí ilé bá dojú rú, orí ni kó yẹ ara rẹ̀ wò. Télọ̀ lọ sílé, ó gbààwẹ̀. Kò tún padà lọ sọ ọ́ níbẹ̀ mọ́.

Ìpàdé ẹbí ni ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ ti yí, ó sì yí sí búburú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló pè é sílé ara rẹ̀. Ìyá Télọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó wà níbẹ̀, àwọn àgbà mìíràn náà sì pésẹ̀. Wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ń lu òun. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi, gbogbo pálọ̀ dákẹ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní, "Ìwọ, géńdé ọkùnrin bíi tìẹ? Kí wá ni ọwọ́ tìẹ ń ṣe?" Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó bẹ gbogbo wọn, ó ní inú ló máa ń bí òun, pé gbogbo bùkátà ló wà lọ́rùn òun. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní kí ọkọ wá nǹkan ṣe kún iṣẹ́ rẹ̀, kí ìyàwó máa rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n súre, wọ́n gbé míńrà fún wọn, wọ́n ní ó ti parí.

Nínú dánfó tí wọ́n wọ̀ padà, ìyàwó kò la ẹnu. Nígbà tí wọ́n délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ní, "O kó mi lọ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n fi mí ṣèran wò." Ọ̀pá ìwọnṣọ ló fi lù ú lálẹ́ ọjọ́ náà títí ọ̀pá fi ṣẹ́. Àwọn ọmọ wà nínú yàrá kejì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà gbà pé ìpàdé ẹbí dára. Ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya ni àgbà ti parí tí kò sì tún dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ilé yìí kì í ṣe ìjà ẹni méjì tí wọn ò gbọ́ ara wọn yé. Ẹnìkan ń lù, ẹnìkejì ń sá. Wọ́n ní kí ẹni tó ń sá sọ̀rọ̀ níṣojú ẹni tó ń lù ú, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sínú yàrá kan náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àṣírí rẹ̀ tú, ààbò kò sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ìyàwó mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni pé kò sí àgbà tó máa dá òun lọ́wọ́ kọ́. Ohun tí ọkọ mú bọ̀ ni pé bí òun bá tún sọ ọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá òun lóhùn.

Ó wá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lálẹ́, kó tó ti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń gbé áyọ́ọ̀nù àti àlùmọ́gàjí ńlá lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ṣe irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní olè ni òun ń sá fún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò tíì gbé e lọ tí ìyàwó fi dé, ọ̀rọ̀ owó kan sì di ariwo. Ìyàwó mú àlùmọ́gàjí. Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ títí àlùmọ́gàjí fi bọ́, ẹnu rẹ̀ sì gé obìnrin náà lọ́rùn ọwọ́. Ìyàwó ló kọ́kọ́ dé tẹ́ṣàn. Ohun tí ọlọ́pàá rí ni obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá gbé ọkọ, wọn ò bi í ní ohunkóhun, ó sì sun sẹ́ẹ̀lì mọ́jú. Ní àárọ̀, ìyá rẹ̀ san owó béèlì, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n gbé ìwé undertaking, ìyẹn ìwé ìlérí, síwájú rẹ̀ pé kò ní lu ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ lọ sílé, ó fọwọ́ sí i.

Látọjọ́ náà ni ìyàwó ti ní ìwé lọ́wọ́. Ó fi ọ̀rá wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ó sì máa ń mú un jáde bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le. "Pariwo, kí n pè wọ́n. Ìwé rẹ wà lọ́dọ̀ mi." Télọ̀ kò tún di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́. Nínú ọ́fíìsì tiwa gan-an, wọ́n bi mí nígbà tó yá pé kí ló dé tí ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò gbèjà ara rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà kan ṣoṣo tó gbèjà ara rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ló ti jí.

Ẹni tó mú ìyípadà kejì wá ni nọ́ọ̀sì kan ní sẹ́ńtà ìlera. Télọ̀ wá tọ́jú ojú iná. Ó ní áyọ́ọ̀nù ló já lu òun níbi tí òun ti ń lọ aṣọ. Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ aṣọ. Ẹ̀yìn èjìká òsì ni ojú iná náà wà, níbi tí ọwọ́ ẹni fúnra ẹni kò lè dé. Orí rẹ̀ ṣóńṣó bí imú áyọ́ọ̀nù, ìdí rẹ̀ fẹ̀, etí rẹ̀ sì lọ geere yí ká. Irin gbígbóná tó bá já luni máa ń fa awọ bó ṣe ń bọ́ lọ, ojú rẹ̀ á rí wúruwùru. Èyí dúró sójú kan. Wọ́n gbé e lé e lára, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ni. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì rí àpá méjì mìíràn tó ti ń jinná, tẹ́ẹ́rẹ́, gbọọrọ.

Nọ́ọ̀sì ní kí ẹlòmíràn tó wà nínú yàrá jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. A kì í fi ẹ̀yìn lọ aṣọ. Ta ló fi jó yín?" Télọ̀ wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi ni." Kíá ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ọ́ sílẹ̀, pé òun kò fẹ́ ẹjọ́, pé ẹnu ayé. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó ní, "Ẹjọ́ kọ́ ni mò ń pè, sà. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń kọ." Ó kọ ibi tí ojú iná wà àti bó ṣe fẹ̀ tó. Ó kọ bí etí rẹ̀ ṣe rí, ó kọ àwọn àpá àtijọ́, ó kọ ọjọ́ àti aago. Ohun tí ọkùnrin náà sọ, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an ló ṣe kọ ọ́. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ya fọ́tò. Ó fún un ní nọ́ńbà wa, ó ní kò pọn dandan kó pè lónìí.

Kò pè.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Olùkọ́ rẹ̀ bá àlùmọ́gàjí nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀, ojúlówó àlùmọ́gàjí télọ̀, tó fi síkáàfù wé. Olùkọ́ rò pé ó fẹ́ fi bá ẹnìkan jà ni. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n má nà án, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ní, "Mo gbé e pa mọ́ kí Mọ́mì má bàa rí i fi gún Dádì."

Ìlànà ààbò ọmọdé tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé jáde lọ́dún 2016 ti sọ ohun tí ilé ìwé gbọ́dọ̀ ṣe bí ọmọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ilé ìwé yìí sì ṣe é. Wọ́n kàn sí wa, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bàbá. Títí di ọjọ́ náà, Télọ̀ gbà pé òun nìkan ló ń jẹ ìyà yìí. Nígbà tí wọ́n gbé àlùmọ́gàjí náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó yé e pé ọmọ ti ń ṣọ́ òun tipẹ́. Ó wá sọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ náà. Ó ní, "Mà, èmi lè fara dà á. Ti ọmọ yẹn ni mi ò lè wò níran." Irú ọkùnrin báyìí kì í sábà wá gbèjà ara rẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà ọ̀rọ̀ ọmọ bá a sọ̀rọ̀, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ á là.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A pe ìyàwó náà lọ́jọ́ tirẹ̀, òun nìkan. Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú ibí yìí dání dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń lu ìyàwó ló máa ń sáré wá sọ pé òun ni wọ́n ń lù, pàápàá bó bá ti gbọ́ pé ìyàwó fẹ́ pe òun lẹ́jọ́. Kò yẹ ká gba ọkùnrin gbọ́ nítorí pé ó sunkún, kò sì yẹ ká ká ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nítorí pé ó síngbọnlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni à ń wá, àti ohun tí ẹ̀rù yẹn ti yí padà nínú ìgbé ayé rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà la bi àwọn méjèèjì: bí inú bá ń bí ẹnìkejì yín, kí lẹ máa ń ṣe kí nǹkan má bàa ṣe yín? Télọ̀ kò ronú kó tó dáhùn. Ó ní òun máa ń dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní bí ojú bá ti yí lálẹ́, òun kì í bọ́ bàtà sùn. Ó ní òun máa ń gbé irin iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ onírun. Ìbéèrè náà kò tilẹ̀ yé ìyàwó. Ó ní, "Nǹkan bíi kí ni, mà? Ta ló fẹ́ ṣe mí ní kí ni?" Nígbà tí mo bi í nípa lílù, ó ní, "Mi ò lù ú mà, mo kàn gbá a létí ni. Ẹ ẹ̀ mọ ọkùnrin yẹn. Ó máa ń dákẹ́ sí mi." Ó ní áyọ́ọ̀nù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun ni. Nípa àlùmọ́gàjí tó gé e lọ́rùn ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun lòun kọ́kọ́ mú un, láti fi dẹ́rù bà á.

A yẹ ìyàwó náà wò bóyá àpá wà lára rẹ̀. Ti ọrùn ọwọ́ nìkan la rí. Onírun sọ bí Télọ̀ ṣe ń gbé irin wá ní alaalẹ́, ó ní òun kò gba ti olè yẹn gbọ́ rí. Ẹnìkan tó mọ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ jókòó ti àwọn ọmọ lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n sọ kò sì ta ko ti bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ wá hàn kedere.

Mo fẹ́ sọ èyí náà. Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ lọ sọ́jà ni ìyàwó yìí. Ẹgba ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ó sì gbà pé ibi tí ẹnu bá kùnà, ọwọ́ á parí rẹ̀. Ó nílò ìrànlọ́wọ́, a sì wá a fún un. Ara ọkọ rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti máa kọ́ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu.

Ìdílé ìyàwó ní kí a gbé wọn lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí ìjọba Èkó ti ń bá èèyàn ṣe ìlàjà, kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀. Ibi tó wúlò gan-an ni, a máa ń darí èèyàn síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó oúnjẹ ọmọ. Lórí ọ̀rọ̀ lílù, a ò gbà. Ìlàjà gba pé kí ẹni méjèèjì lè sọ tinú wọn láìbẹ̀rù ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá délé. Ohun tí ìpàdé ẹbí dá sílẹ̀ ti tó wa lẹ́kọ̀ọ́. Kóòtù la ní kó lọ.

Òfin kò yọ ọkùnrin sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò bẹ́ẹ̀. Òfin Ààbò Kúrò Lọ́wọ́ Ìwà Ipá Inú Ilé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2007 kò sọ pé ìyàwó nìkan ló lè bẹ kóòtù fún àṣẹ ààbò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àjọṣe inú ilé pẹ̀lú ẹni tó ń hùwà ipá náà sí i lè lọ. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń pè ní VAPP, ti ọdún 2015, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀: ọkọ ló lu ìyàwó o, ìyàwó ló lu ọkọ o, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 3. Office of the Public Defender, tí kì í gba owó lọ́wọ́ aláìní, ló fún Télọ̀ ní lọ́yà.

Ní kóòtù Májísíréètì, lọ́yà ìyàwó mú ìwé undertaking jáde. Mo rí ojú Télọ̀ nígbà náà. Ó rò pé ó ti parí fún òun. Lọ́yà rẹ̀ wá gbé ìwé nọ́ọ̀sì sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Májísíréètì kà á, ó wo fọ́tò, ó bi ìyàwó bí áyọ́ọ̀nù ṣe yọ̀ dé ẹ̀yìn èjìká ẹni tó kọjú sí i. Kò rí èsì kan pàtó fọ̀. Kóòtù fún Télọ̀ ní àṣẹ ààbò onígbà díẹ̀: ìyàwó kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tàbí ibi tó ń gbé. Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn dúró kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbà láti pẹjọ́ kó tó kọ nǹkan, ìwé tẹ́ṣàn nìkan ni kóòtù ì bá rí kà.

Ibi tí yóò sùn ló fún wa ní wàhálà jù. Gbogbo ilé ààbò tí a pè, obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń gbà. Kò lè sun ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó mọ ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ló fún un ní yàrá kan, ìyá rẹ̀ sì gba àwọn ọmọ sọ́dọ̀. Ó ṣí àkáǹtì tirẹ̀, ó sì fọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò lára ògiri.

Ìyàwó rú àṣẹ kóòtù lẹ́ẹ̀kan. Ó wá dojú tábìlì dé nínú ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ kò bá a fa nǹkan kan, ó pe ọlọ́pàá, ó sì na ìwé àṣẹ sí wọn. Wọ́n kà á lórí ìdúró, wọ́n mú ìyàwó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù ìbílẹ̀ tú ìgbéyàwó wọn ká. Ìyàwó wá sí ìgbaninímọ̀ràn nígbà díẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó tún padà wá nígbà tó fẹ́ máa rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń rí wọn báyìí níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọmọkùnrin kékeré ni ọkàn wa kò tíì balẹ̀ lé, nítorí pé òun náà ti ń na ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọn kò bá fún un ní ohun tó fẹ́. Òun náà ń rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń tọ́jú, mi ò sì kọ èyí láti fi ọ̀kan díje pẹ̀lú èkejì. Nínú NDHS, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, bí obìnrin 31 nínú 100 ló ní wọ́n ti fi ìyà jẹ òun lára rí láti ọmọ ọdún 15. Ìwádìí yẹn kan náà kò bi ọkùnrin bóyá wọ́n ti lù ú rí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kì í dé inú ìwé, ohun tí kò sì sí nínú ìwé, ìjọba kì í náwó lé e. Bẹ́ẹ̀ ikú wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn rán agbẹjọ́rò obìnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 nítorí ikú ọkọ rẹ̀.

Ohun tí a ti yí padà lọ́wọ́ ara wa nìyí. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba ẹjọ́ wọlé kò tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "orúkọ ìyàwó tí wọ́n lù" mọ́. À ń bi ọkùnrin ní ìbéèrè tààrà, ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé bí ẹ bá bi í pé "Ṣé kò sí wàhálà nílé?", á ní kò sí. Nọ́ọ̀sì tó bá rí ojú ọgbẹ́ tí kò bá ìtàn mu, kó kọ ọ́, kódà bí aláìsàn bá ní òun kò fẹ́ ẹjọ́. Ìwé lè dúró dè é títí ó fi máa ṣe tán. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, kí ẹ tó gbé undertaking síwájú ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ ti ẹni méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì béèrè ẹni tó kọ́kọ́ mú ohun ìjà. Ẹ̀yin àgbà àti pásítọ̀, bí ọkùnrin bá sọ fún yín pé wọ́n ń lu òun, ẹ má pe ẹnìkejì wá síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí irú ọkùnrin báyìí yóò sùn kò tíì lójú. Títí ilé ààbò tó ń gba ọkùnrin àtàwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi wà nítòsí wa, ìbéèrè tí à ń bi ẹni bíi Télọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí a tó dárúkọ kóòtù rárá, ni ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ máa wà.